Ìkẹ́dùn lórí Ikú Ọ̀mọ̀wé Jìbírílù Ọlábímtán, àti Èsì sí Ohun tí Ẹ Kọ nípa Ìyàwó Rẹ̀

Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Mùsùlùmí Yorùbá, Chicago
Oṣù Kejì, 1985

Sí Alàájì Mùstàfá Ọlábímtán àti gbogbo ẹbí, Ìwó

Ẹ̀yin bàbá wa,

Ọkàn tó gbọgbẹ́ la fi ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ikú àbúrò yín, Ọ̀mọ̀wé Jìbírílù, tó ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́yìn mọ́tò níwájú ilé rẹ̀ ní Hyde Park. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. A ti wẹ̀ ẹ́, a ti kírun sí i lára, a sì ti sin ín bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ó dùn wá wọnú eegun.

Ìmọ̀ àwọn onírònú ìgbà Ìlàjú ilẹ̀ Yúróòpù ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sọ́ńdè, àwa awakọ̀ takisí, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ló ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀. Òwe wa ló fi bẹ̀rẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó ní ọ̀kan nínú àwọn onírònú náà sọ pé ojú wa kì í rí ohun tó so okùnfà mọ́ àyọrísí. Nǹkan méjì ń tẹ̀léra títí ó fi mọ́ wa lára láti sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Òmíràn dá a lóhùn pé láìsí òfin okùnfà, ọmọ aráyé kò lè mọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òun náà gbà pé òfin méjì ló wà: èyí tí òkúta tó ń já bọ́ ń tẹ̀lé, tí kò lè kọ̀, àti èyí tí ènìyàn fi ń pàṣẹ fún ọkàn ara rẹ̀, tó sì lè rú. Jìbírílù a ní inú òfin kejì yìí nìkan ni ẹ̀bi wà.

Kò fi mọ sí pálọ̀. Nígbà tí ọmọ ọwọ́ kan kú ní Aurora, ìlú kan nítòsí wa, tí àwọn kan nínú wa ń fojú burúkú wo ìyá ọkọ tó ti ilé wá wẹ ọmọ náà, tí wọ́n sì fẹ́ lé e padà sílé, òun ló dìde nínú ìpàdé. “Ẹ jọ̀ọ́, easy, my people. Àjẹ́ ké, ọmọ kú; ta ló rí okùn tó so wọ́n pọ̀? Anybody?” Wọn kò lé ìyá àgbà náà mọ́.

Ìdí nìyí tí ìwé yín fi bà wá lọ́kàn jẹ́. Ẹ ní Ràhámọ̀tù ìyàwó yín ló pa á. Ẹ ní kí a gba àwọn ọmọ wọn méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, kí a fi wọ́n ránṣẹ́ sílé. Òótọ́ ni pé òun ló ní kí ọkọ rẹ̀ jáde lọ kó yìnyín, kí òun lè tètè dé ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n jọ ní gbólóhùn asọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún yín nínú lẹ́tà rẹ̀, kò fi bò. Ṣùgbọ́n òtútù, àti àìsàn ọkàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí, abẹ́ òfin àkọ́kọ́, ti òkúta tó ń já bọ́, ni wọ́n wà. Ohun tí Ràhámọ̀tù gbèrò kò ju kí mọ́tò ráyè jáde lọ.

A bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti fẹnu kò: a kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. A ó máa bá a wo wọ́n nígbà tó bá wà níṣẹ́, a ó sì dúró tì í. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin sì ni àgbà.

Ràhámọ̀tù kò ṣàwáwí. Ohun tó ń bi wá ni pé, bí òun bá ti dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ la sin.

Kí Ọlọ́run Ọba forí jin Jìbírílù, kí Ó fi Àlùjánnà ṣe ilé rẹ̀, kí Ó tu ẹ̀yin àti gbogbo ẹbí nínú. Títí di òní, kò sí ẹnì kankan láti ilé ọkọ Ràhámọ̀tù tó tíì kí i kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run tu òun náà nínú, kí Ó sì fi kíkí náà sí yín lẹ́nu.

Bámidélé Ajíbóyè
Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́