Pẹ́ńsù Ará Òkè

                                        Yàrá Kẹrin, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ẹnu-Ò-Sinmi,

Jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka èyí. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún ọ pé pẹ́ńsù kan papòdà ní ọ́fíìsì wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lókè eèpẹ̀. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ sáyé àfi ìdí rẹ̀, tí kò tó èékánná.

Kí n tó lọ jìnnà, ara ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni màmá wà? Ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti hu eyín? Gbogbo ayé ló ní ẹ̀yin ará etí odò kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ọ tí mi ò rí èsì kan ṣoṣo. Mo ti fi ìyẹn kún ìwádìí mi lórí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ará ibì kọ̀ọ̀kan.

Ará òkè ni ẹni tó ni pẹ́ńsù náà. Òun àti èmi la jọ ń ya àwòrán ilé lórí tábìlì kan. Nígbà tí pẹ́ńsù rẹ̀ kúrú débi tí ọwọ́ ò lè dì í mú mọ́, ó ki ìdí rẹ̀ bọ inú bírò tó ti gbẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ewé tíì tó bá rẹ láàárọ̀ náà ló máa tún rẹ lọ́sàn-án. O mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ní ìsàlẹ̀ níbí máa ń sọ: pé ahun ni àwọn ará òkè. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó kàwé kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, mo sì ń wọn pẹ́ńsù náà lójoojúmọ́.

Àṣìṣe mi ni pé mo gbé ìròyìn rẹ̀ délé. Ìdí oúnjẹ ni mo ti sọ ọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àyàfi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ. Mi ò mọ̀ pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí òun àti oní-pẹ́ńsù ti ń fẹ́ra. Nígbà tó sọ ọ́ fún Bàbá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ní àwọn ò ní fa ọmọ àwọn lé ahun lọ́wọ́, pé ẹlẹ́rìí àwọn wà nínú ilé. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ṣòkòtò tí mo ní kó bá mi tún rán, ó rán ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pa.

Màmá bẹ Bàbá títí wọ́n fi gbà kí ọkùnrin náà wá lẹ́ẹ̀kan péré, kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gbé páálí bisikíìtì dání, àwòrán ilé tí wọ́n ti fagi lé ló fi wé e. Èmi ni mo ya àwòrán náà. Bàbá wo ìwé tó fi wé e, wọ́n wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin náà fi na ọrùn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ yẹn ni?"

Bàbá ní kò sí.

"Ṣé kí n lọ pa iná ibẹ̀?"

Bàbá dìde jókòó dáadáa. "Ogún ọdún ni mo ti ń pariwo iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ tí mo bí kọ etí ikún sí i. Ìwọ nìkan ló gbọ́."

Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé agolo ìṣó wọn jáde, àwọn ìṣó wíwọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi òòlù na àwọn ìṣó náà kí wọ́n lè tọ́, títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wò wọ́n títí.

"Mo fẹ́ ọ̀kan," wọ́n ní, "mo tún bí ẹni tó máa fẹ́ èkejì."

Bàbá ti gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù kejìlá ni ìgbéyàwó. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ahun, ó mọ nǹkan tọ́jú ni. Àwọn ará òkè yòókù ni ahun. Bàbá ò mọ ẹyọ kan nínú àwọn yòókù yẹn.

Mo bi oní-pẹ́ńsù fúnra rẹ̀ bóyá òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa wọn. Ó ní ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni omi wọn wà, ẹni tó bá sì ti ń ru omi gun òkè láràárọ̀ láti kékeré kò ní da ìsàlẹ̀ ife nù láéláé. Ó ní ọ̀nà omi ló kọ́ wọn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé ẹ̀gbẹ́ kànga ni wọ́n bí Bàbá sí. Ibẹ̀ ni ìwádìí mi há sí.

Bá mi kí màmá àti ìyàwó, kí o fa ọmọ létí díẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ. Ó ti tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kan. Ó ní èkejì di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.

Èmi ni tìrẹ títí pẹ́ńsù yóò fi tán,

Rúlà.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ: A ń fi tó ẹni tó gba lẹ́tà yìí létí pé kí ó ṣí àpòòwé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó sì dá a padà, nítorí ó ṣì lè rin ìrìn àjò méjì sí i. Bí ó bá ti fà á ya, kí ó lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìwé yìí mọ́; ibẹ̀ ni kí ó kọ èsì sí. Àwa ará ìsàlẹ̀ kì í ṣe ahun.