Òtẹ́ẹ̀lì Fẹ́ Yan Lọ́yà Fún Mi

Ìlaró,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀pẹ, 2019

Habeebah ọmọ mi,

Kú ilé, kú iṣẹ́, kú ìfaradà Èkó. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọ̀gá rẹ kì í kanra mọ́ ọ mọ́? Iwájú tí o kọjú sí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó di ẹ̀yìn fún ọ. Tí o bá béèrè mi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n ara mi ò lélẹ̀ rárá. Mo ti dìde lórí bẹ́ńṣì yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ìlà mélòó kan yìí, nítorí náà má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Má jáyà o, ìyá rẹ wà ní ọsibítù níbí, ó sì ti ń jẹun. Ọjọ́rú tó kọjá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, a pè é ní ọ̀ràn ẹ̀wà, àfìgbà tí kò lè nàró mọ́. Dókítà ní nǹkan kan wà lára ìfun tí wọ́n ń pè ní àpẹ́ńdíìsì, pé a bí i mọ́ gbogbo wa ni, wọ́n sì ti la ikùn rẹ̀ yọ tirẹ̀. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà láti Ìhunbọ̀, obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Faransé. Mo kí i dáadáa, mo bi í bóyá ẹ jọ ń gbé ni, ó kàn ń sọ tirẹ̀ lọ, owó mi sì ń jó. Cornelius awakọ̀ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ló ń wọ fóònù wa. Mo ní ẹnubodè tí wọ́n ti tì pa láti oṣù kẹjọ, tí àpò ìrẹsì kan ò gbọdọ̀ gbà kọjá, báwo ni obìnrin yẹn ṣe kọjá? Nígbà tí a ń gbé ìyá rẹ bọ̀, fóònù bọ́ lápò mi, òun àti obìnrin Faransé àti nọ́ńbà rẹ ló jọ sọnù, ìdí nìyí tí o fi ń rí lẹ́tà.

Mo fẹ́ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ọkùnrin kì í sùn ní wọ́ọ̀dù obìnrin. Mo ní ìyàwó mi ni, ó ní àwọn yòókù kì í ṣe ìyàwó mi. Kí n sì máa lọ kí n máa bọ̀ láti Ìhunbọ̀, kò ṣeé ṣe. Látìgbà tí ìjọba ti ní kí epo má dé ilé epo kankan tó súnmọ́ ẹnubodè, owó ọ̀kadà ti di ìlọ́po mẹ́ta. Bí mo ṣe di èrò òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, èmi bàbá rẹ.

Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀, Azeezat lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó níwà ni, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni alẹ́ kan. Ó ní tí mo bá san ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn á ṣe ẹ̀dínwó, á di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mẹ́rin. Tí n kò bá sì fẹ́ ìyẹn, kí n máa san án pé lójoojúmọ́, àwọn á fún mi ní lọ́yátì. Ah! Mo fò dìde. Mo ní lọ́yà kẹ̀? Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, oorun ni mo wá sùn. Ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa rí nígbà ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá mi, àwa la jàre, lọ́yà ló ni ilẹ̀.

Ẹ̀dínwó yẹn náà ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ta ló ń san owó ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ nígbà tí aya rẹ̀ wà ní ọsibítù? Ṣé kí n sọ fún àìsàn pé kó fara balẹ̀ jókòó ni? Tó bá sì tètè sàn, wọn kì í dá owó padà. Láràárọ̀ ni mò ń lọ bá Azeezat pé ó yá, gba owó ọ̀sẹ̀ kan, bó bá ti mú bírò, màá ní má gbà á mọ́. Ọmọ náà ò ráhùn rí.

Lọ́jọ́ kejì ó ní mo ti ní póíǹtì kan. Dókítà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé páíńtì ẹ̀jẹ̀ méjì ni ìyá rẹ ń fẹ́. Habeebah, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, mo ní kó tètè fi póíǹtì mi ránṣẹ́ sí ọsibítù. Mo rò pé ẹ̀fọn inú yàrá ló ń bá wọn gbà á. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní póíǹtì tiwọn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìdírísù àbúrò mi ló wá fún un ní ẹ̀jẹ̀ níkẹyìn, Ọlọ́run á san án fún un.

Nígbà tó di Sátidé, mo rò ó pé mo gbọ́dọ̀ délé lọ́jọ́ Ajé lọ kó aṣọ ìyá rẹ, àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù sì kún ojú ọ̀nà, bóyá lọ́yà á wúlò. Mo ní kí Azeezat mú un wá. Ó ní kí n kọ ímeèlì mi sínú fọ́ọ̀mù. Mo ní Ìmẹ̀kọ ni mo mọ̀, mi ò dé Ímeèlì rí, Ìhunbọ̀ la ti wá. Ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀, ó fún mi ní káàdì, ó ní òun ti ń fi àmì sí i fún mi láti alẹ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dá ọ̀kadà wa dúró, wọ́n ní kí n tú àpò. Mo na káàdì sí wọn, mo ní ẹ rọra o, mo ní lọ́yà. Ọ̀gá wọn kà á, ó pe àwọn yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò tú àpò mọ́. Ó ní Bàbá, káàdì oorun ni, ẹ sùn lálẹ́ mẹ́wàá, ìkọkànlá á di ọ̀fẹ́. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé wọn ò tú àpò mi.

Ìyá rẹ ló là á yé mi. Ó ní èènì ni. Ó ní oníbàárà tí òun bá dín owó gàrí fún, ọ̀dọ̀ ẹni tó máa dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń lọ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n èyí tí òun bá bu èènì lé kóńgò rẹ̀, á padà wá. Ó bi mí pé àmì mélòó ló ti wà níbẹ̀. Látìgbà náà kò béèrè oògùn mọ́, káàdì ló ń béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni omi gbígbóná ń jáde lára ògiri. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé tí mo bá jáde láàárọ̀, kí n tó dé wọ́n á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní láti kékeré òun ló ń tẹ́ ẹ fún gbogbo ayé, ẹnì kan ò tẹ́ ẹ fún òun rí. Ó ní òun ló máa sun alẹ́ ọ̀fẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ wá dé láàárọ̀ yìí. Dókítà ní ara rẹ̀ ti yá, pé kó máa lọ lọ́la. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora? Ó di ikùn mú, ó ń sọ fún dókítà pé ó ṣì ń dun òun, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró di Àìkú, ó sì ń ṣẹ́jú sí mi. Àìkú ni káàdì máa pé! Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, mo sì jáde wá síbi bẹ́ńṣì yìí.

Ohun tí n kò lè sọ fún un nìyí. Ìyá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tirẹ̀, Lábísí lorúkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sátidé. Ní ìdájí Àìkú, bí mo ṣe ń dé, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n gbé e jáde, ìyá rẹ ń sùn. Mo purọ́ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló wá mú un lọ sílé. Ẹ̀rù ń bà mí, Habeebah. Mi ò fẹ́ kó fi alẹ́ kan kún un níbẹ̀.

Azeezat ní tí mo bá lè ní sùúrù di Àìkú, ọ̀fẹ́ ni, àbí kí n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀dínwó ọdún á ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò dúró de ọ̀kankan. Owó ewúrẹ́ méjì tí mo tà ti tán, ṣùgbọ́n yàrá ńlá wọn ni kó sùn lọ́la, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni, jọ̀wọ́ ọmọ mi, fi í ránṣẹ́, má sì bá wọn ná an. Cornelius tó mú lẹ́tà yìí wá ní nọ́ńbà báńkì Azeezat lọ́wọ́. Wọ́n ní alẹ́ẹ̀tì ló máa wọlé, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó di alẹ́, kó wọlé láàárọ̀, torí ọ̀sán la máa kúrò ní ọsibítù, mo sì fẹ́ kí wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà kí ìyá rẹ tó wọlé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o dàgbà, kí o dògbó, kí ọmọ tìrẹ náà lè ṣe é fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàrúwà