Ohùn Bàbá Mi, àti Àdúrà tí Mo Fi Gbà

Èmi, Ọlábọ̀dé Johnson Akínsànyà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi le, orí mi pé, ṣùgbọ́n ọkàn mi dàrú, ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà wà lákọsílẹ̀. Bí lọ́yà ṣe ka ìwé ìyá bàbá mi ní Oǹdó lọ́dún tó kọjá ni mo ṣe ń to tèmi, nítorí bàbá mi yóò pa mí ní Sátidé.

Jíbọ́lá ọ̀rẹ́ mi ni alámùúṣẹ ìwé yìí. Jíbọ́lá, má rẹ́rìn-ín tí o bá ń kà á.

1. Àkùkọ mi, tí ó máa ń kọ ní agogo méjì ọ̀sán, mo fi í sílẹ̀ fún ìyá mi. Kí wọ́n má pa á jẹ níbi ìsìnkú mi. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń wo itan rẹ̀.

2. Kẹ̀kẹ́ mi di ti Jíbọ́lá. Ẹsẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀.

3. Àwọn ohùn tí mo ń sín jẹ. Ti pásítọ̀ wa, kí Jíbọ́lá mú un. Ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sin ín mọ́ mi. Òun ni mo fi dúró lẹ́yìn fèrèsé tí mo ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n lọ. Èmi náà lọ, wọn kò sì gbà mí padà.

Ohùn bàbá mi kò sí nínú èyí. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

4. Tábìlì ìrókò tó wà ní pálọ̀. Kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yìí. Bàbá mi ló ní kí káfíńtà kàn án fún Àǹtí Adépéjú, àkọ́bí wọn. Lẹ́yìn tí Àǹtí gboyè ọ̀mọ̀wé, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti fi ń ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì, lórí àrùn tó ń sọ kókó di dúdú lórí igi. Oṣù kẹta ni iṣẹ́ náà yóò parí. Bàbá ní Àǹtí yóò wá máa kọ́ni ní yunifásítì nílé, orí tábìlì yìí ni yóò sì ti máa kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ife lé e. Lọ́jọ́ tí mo gbórí lé e sùn, bàbá ní, ìwọ náà ti di dókítà? Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí. N kò mọ̀ bóyá òun ló tì mí débi tí mo dé.

Ní Sátidé tó kọjá, bàbá gbàgbé fóònù sílé, wọ́n lọ sóko ní Ipogun. Àǹtí pè. Mo gbé e, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bíi bàbá, mo ní, "Adépéjú ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?" Ẹ̀rín ló yẹ kí n fi tẹ̀ lé e, bí mo ṣe máa ń ṣe. Kí n tó rẹ́rìn-ín, Àǹtí ti bú sẹ́kún.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ro oko olóko. Wọ́n ti wá fún mi nílẹ̀ tèmi: yàrá ìwádìí tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí èmi fúnra mi máa mú, ọdún márùn-ún gbáko. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún yín. Tí ẹ bá ní kí n wá, mò ń bọ̀."

Ó yẹ kí n sọ pé, Àǹtí, Bọ̀dé ni. Mo ya ẹnu, ohùn bàbá ló jáde: "Ẹni tí wọ́n bá fún nílẹ̀, kí ó kọ ebè. Dúró níbẹ̀, ọmọ mi." Àǹtí ní kí n gbàdúrà fún àwọn. Mo gbà á bí bàbá ṣe ń gbà á, pẹ̀lú oríkì, títí kan èyí tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àmín méje ni wọ́n ṣe. Mo kà á.

Ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí fọwọ́ síwèé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn yóò pe bàbá láti dúpẹ́. Bàbá, ní tiwọn, òróró ni wọ́n fi ń nu tábìlì.

5. Àdúrà náà. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún? Ohùn bàbá ni, ẹnu tèmi ni, àmín Àǹtí ni. Tó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé orí irọ́ ni Àǹtí ń kọ ebè sí nínú òtútù. Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni bàbá fẹ́ nà mí fún? Mo bi ìyá mi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Wọ́n ní àdúrà kì í bàjẹ́, ẹni tó gbà á ló lè bàjẹ́. Mo tún wá dàrú sí i.

Bóyá ohun tí bàbá ìbá sọ náà nìyẹn. N kò mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́, n kò mọ ohun tí wọ́n ń rò.

6. Ohùn bàbá mi, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kí Jíbọ́lá gbé ìwé yìí sórí tábìlì ìrókò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bàbá mi, tí ẹ bá kà á débí, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, nídìí igi ọsàn. Ẹ nà mí. Ṣùgbọ́n tí fóònù bá dún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fúnra yín. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ sọ fún Àǹtí, kí ó ti ẹnu yín jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti fi ohùn yín sọ pé, "Bọ̀dé, mo ti dárí jì ọ́." Kò jáde.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, ọdún 2018.

Ọlábọ̀dé J. Akínsànyà

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Ìbídùnní Adépọ̀jù, aránṣọ ìtòsí ilé wa. Kò ka inú rẹ̀.
Jíbọ́lá Májẹ́kódùnmí. Ó kà á. Kò rẹ́rìn-ín.