Ẹrẹ̀ Tí Wọ́n Pò Dè Yín ní Plouvezan

                                        Yàrá Kẹrìnlá,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
                                        Brest.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 1994.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Tugdual,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbójú gbóyà kọ̀wé sí yín. Ta ni mí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí n óò máa kọ́ ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun láti ìgbà tí mi ò tíì lè so okùn bàtà mi? Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì láti inú àpótí fóònù ẹnu ọ̀nà wa. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín ni ẹ̀rù bà mí, mo sì gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe kàyéfì ẹni tó ń mí sí yín létí láì sọ̀rọ̀, èmi ni.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Aliette ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé Lubin ọmọ yín ti ń sùn dójúmọ́ báyìí, àbí ó ṣì ń jí yín? Mi ò béèrè orúnkún yín, nítorí òun gan-an ni mo ṣe kọ̀wé.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké Ife-Ẹ̀yẹ Faransé, tó já sí i pé ẹgbẹ́ yín ni yóò wá bá ẹgbẹ́ abúlé wa gbá, ariwo ayọ̀ gba Plouvezan kan. Mo rò pé nítorí yín ni. Ẹ̀yin ọmọ tó fi àpótí Màmá rìnrìn àjò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, tó dé ìpele kìíní, tó ń dènà àwọn tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n! Mo ti ra aṣọ funfun tí mo fẹ́ kọ orúkọ yín sí.

Lánàá ọjọ́ Àìkú, mo lọ jẹun nílé. Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́ abúlé wa, pe Herlé tó ń tọ́jú pápá, àti Gwendal, ọmọṣẹ́ alápatà tó ń gbá wíńgà apá òsì fún wọn. Ẹran àti farz, ìyẹ̀fun tí a sè nínú àpò aṣọ, la ń jẹ lọ́wọ́ tí Herlé fi nu ẹnu.

"Ààrẹ, mo ti na rọ́bà omi sí i láti Ọjọ́rú. Bí màlúù bá kó síbẹ̀, okùn la máa fi fà á yọ."

Bàbá bi í pé, "Kọ́nà méjèèjì?"

"Méjèèjì. Ti ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú àti ti ẹ̀gbẹ́ títì. Ibi tó kù gbẹ bíi tábìlì yìí."

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún lẹ ń gbá. Kọ́nà kan ni tiyín ní ìdajì àkọ́kọ́, èkejì sì ni tiyín tí ẹ bá ṣẹ́rí padà. Ẹni yòówù kó yan apá níwájú rẹfirí, ẹ ò lè bọ́ níbẹ̀.

Gwendal ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi arúgbó yẹn sílẹ̀ fún mi jàre. Màá gbé bọ́ọ̀lù lọ bá a, màá yí sọ́tùn-ún, màá yí sósì. Tí bàtà bá há sínú ẹrẹ̀, tí ara bá yí, ẹ máa gbọ́ 'kà!' látibi tí wọ́n ti ń yan gàlẹ́tì tà."

Bàbá ń gé búrẹ́dì. Wọ́n ní, "Orúnkún òsì ni kó o lépa. Òun ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ kó tó wọ pápá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi."

Ohun tí ẹ sọ fún wọn lórí fóònù nìyẹn lálẹ́ ọdún tuntun, tí ohùn yín ń gbọ̀n: pé láìsí abẹ́rẹ́ ẹ ò lè sáré, pé àdéhùn yín ń parí ní oṣù kẹfà, àti pé bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ò bá rí yín lórí pápá, ó parí nìyẹn. Abọ́ ni mò ń fọ̀ nítòsí, ohùn yín sì ń jáde látinú fóònù. Mo gbọ́ tí Bàbá dá yín lóhùn pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Wọ́n wá bu ọ̀rọ̀ náà fún àlejò bí ẹni bu iyọ̀.

Mi ò fẹ́ kọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n wọ́n máa pariwo rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tí ẹ bá wá gbá, ó sàn kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Herlé ní, "Ààrẹ, ẹ rántí ọjọ́ tí a sin ìyàwó yín? Ọmọ wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé ara rẹ̀!"

Gwendal ní, "Ìyá ẹ̀ ló bá a tì í wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Bàbá wá sọ pé, "Kò wá síbi òkú ìyá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ yín ò yọ̀ǹda yín lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ sọ ọ́. Gwendal ní kí n na músítádì sóun, mo sì nà án sí i.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo bi Bàbá pé, "Tí orúnkún ẹ̀gbọ́n mi bá ṣẹ́ ńkọ́? Tí wọn ò bá lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́?"

Bàbá ò wò mí. "Á wá sílé nìyẹn."

Wọ́n ní kí n gbé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ búlúù wá sí yàrá ìránṣọ Màmá nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yín ni mo bá níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Bàbá ní, "Ẹni tó ń fi igi rìn ò lè máa gun àtẹ̀gùn." Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹ dáadáa. Mo tẹ́ ẹ.

Mi ò mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bóyá mo ti ṣì wọ́n gbọ́. Bí ẹ ò bá wá, iṣẹ́ lè bọ́. Bí ẹ bá sì wá, ẹ bẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá kó fi yín sí àárín ẹ̀yìn. Mo rin pápá wò láàárọ̀ yìí kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, àárín gbẹ. Nígbà tí mo dé kọ́nà ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú, ẹrẹ̀ bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi, mi ò sì rí i fà yọ. Ìbọ̀sẹ̀ tútù ni mo wọ̀ dé Brest.

Ẹ bá mi kí Aliette, kẹ́ ẹ sì fẹnu ko Lubin níwájú orí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ́tà yìí han Aliette o, yóò pe Bàbá. Ẹ sun ún. Èmi ni Bàbá fi sídìí gàlẹ́tì lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ilé-àwọ̀n. Bí ẹ bá rí mi, ẹ kí mi bí ẹ ṣe máa ń kí mi, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kó wà láàárín àwa méjèèjì. Ilé yẹn ni mo ṣì ń padà sí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

                                        Àbúrò yín tí àyà rẹ̀ ń já,
                                        Enora.