Fóònù Tó Gan Lọ́jọ́ Ìrọbí Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ fún yín láti Basawa ní àríwá níbí, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè ẹni. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Fúnmi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn ìjọ ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ń kà á, ẹ kò sì gbé fóònù wa mọ́.

Wọ́n ní ẹ sọ pé Káyọ̀dé ọkọ mi sá fún mi lọ́jọ́ tí mo ń rọbí. Háà, Ìyá mi! Ẹnu yà mí débi pé omi ìwẹ̀ ọmọ tutù síwájú mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹ mọ̀ pé ètò inú fóònù ni ọkọ mi ń kọ ní Samaru. Ó kọ ọ̀kan fún ilé ìgbẹ̀bí wa: tí nọ́ọ̀sì bá tẹ bọ́tìnì kan, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ bá awakọ̀ àti ọkọ aláboyún. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára mi, Nọ́ọ̀sì Ladi tẹ̀ ẹ́. Fóònù gan! Kò dún, ojú rẹ̀ kò yí padà. Nọ́ọ̀sì pariwo pé kai, ó ti kú, ó wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: ó yọ bátìrì, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dá a padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún gan. Ó tún yọ ọ́. Mo ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé ó ti parí fún mi. Málàm Sani aládùúgbò wa ló fi ọkọ̀ tó fi ń kó tòmátì gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá.

Ìyá mi, fóònù yẹn kò kú rárá! Káyọ̀dé ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó dà bí ilé tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo: ẹ rán an níṣẹ́, àlejò wá kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Basawa kò dáa, fóònù ṣì ń wá ọ̀nà gbé iṣẹ́ náà lọ, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ bátìrì ni wọ́n ń dá iṣẹ́ náà padà lójú ọ̀nà. Káyọ̀dé jókòó sí Samaru, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ti tún ètò náà kọ. Ó dà bí ẹni pé ó gba ọmọ ọ̀dọ̀ kejì sínú fóònù, òun ló ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ lọ lábẹ́nú báyìí, ojú fóònù sì ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń ránṣẹ́ lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ má yọ bátìrì. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé ọmọ rẹ̀ títí di òní. Ó ní ọwọ́ òun ló fẹ́ẹ̀ pa wá. Ó dùn mí gan-an.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fọwọ́ ara yín pọn ọmọ yìí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Káyọ̀dé á pè yín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Tí ẹ kò bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀. Ẹkún ló ń sun.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bùnmi