Ẹdùn Àrá Nínú Oko Ṣítù

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta, 1974
Abúlé àtijọ́ ni! Ìdáná, àpáàdì, ihò òpó ilé — gbogbo rẹ̀ lábẹ́ oko tẹ̀tẹ̀ Ṣítù, lẹ́yìn Ìtìrè. Ọkọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ hú àwọn òkúta kan: pípọ́n ni, ẹnu wọn mú bí àáké. Àwọn tó ṣe wọ́n kò tíì mọ irin. Ṣítù — Ẹlẹ́fọ̀ọ́ mi — bẹjú wo kòtò tí mo gbẹ́ láti wá nǹkan àtijọ́, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé àwọn yìí náà jìyà ẹ̀fọ́ tó mi?”

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta
Àwọn kan ti wọ kòtò lóru, wọ́n jí òkúta. Inú bí mi. Mo kígbe sí àwọn ará àdúgbò pé ẹdùn àrá ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, Ṣàngó á bá a délé. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ. Christopher, tó ń bá mi walẹ̀, ní, “Bàbá, ẹ ti gba ọlọ́dẹ ọ̀fẹ́.” A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta
Òkúta tún jáde lọ́pọ̀. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta
Olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù Mùktárù onírédíò. Àwọn ará àdúgbò ò wá olè náà jìnnà. Ta ni kò mọ̀ pé Ṣàngó kì í sọ ẹdùn sí oko olóòótọ́? Wọ́n wọ́ Ṣítù láàrin ebè. Igi. Búlọ́ọ̀kù. Ìdí ọkọ́ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ lápá. “Jẹ́wọ́, olóríkunkun! Ṣàngó ti tọ́ka ẹ!” Eyín rẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Christopher bọ́ sáàrin, wọ́n ṣá a ládàá léjìká. Ẹnìkan yí táyà dé.

Èmi wà nínú kòtò. Ọ̀kan kọjú sí mi: “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ pé ẹdùn àrá ni?”

Gbólóhùn kan ì bá gbà á. Mo ní, “Ẹ rọra.”

Ẹ rọra!

Ọlọ́pàá dé kí wọ́n tó ṣáná.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta
Mo ń sọ fún ara mi pé àgbà ti dé, pé n kò lè bá wọn jà. Irọ́ ni. Ẹ̀rù táyà yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹta
Ọsibítù. Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀ ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu. Àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́, ọ̀rọ̀ ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti rántí: nígbà tí òun ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ l’Ógbòmọ̀ṣọ́, òun jí ẹyin ẹtù ìyá ọ̀gá òun jẹ. Bóyá ohun tí Ṣàngó rí nìyẹn.

Àmúdàtù ní, “Mùsùlùmí ni wá o, Bàbá, ṣùgbọ́n tó bá ní ètùtù, ẹ sọ fún wa.”

Mo sọ fún wọn. Pé ènìyàn ló pọ́n òkúta wọ̀nyẹn. Pé mo purọ́ nítorí kòtò. Pé ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àmúdàtù fi ṣíbí sílẹ̀. Ṣítù yí orí sí mi.

“Ẹ̀yin ni mò ń wò,” ó ní, “nígbà tí wọ́n ń lù mí. Mo ní ọ̀gá mọ̀wé. Bí ọ̀gá ò bá ti sọ nǹkan kan, a jẹ́ pé mo jalè lóòótọ́.”