Òbìrìkìtì Tó Ń Yí Lórí Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé egungun ẹ̀yìn rẹ pé? Àwa ńlé wà láàyè, àmọ́ ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ìsinsìnyí ni mo tó ráyè di bírò mú.

Lọ́jọ́ ìdíje júdò yín, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa la ti ń wò ọ́, torí fóònù tiẹ̀ ló tóbi jù. Ó fi í sílẹ̀ fún wa, ó lọ kó aṣọ fún oníbàárà. Nígbà tí o tẹrí ba fún ọmọbìnrin tí ẹ jọ fẹ́ jà, mo sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé ilé lo ti kọ́ ọ. Àfi gbì! Ó gbé ọ lulẹ̀, o fẹ̀yìn balẹ̀, o ò mira mọ́, òun náà ò mira, adájọ́ nawọ́ sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Òbìrìkìtì funfun kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí rẹ. Ìyá rẹ ní òòyì tó ń kọ́ ọ ni, pé fóònù ayé òde òní ń fi inú orí èèyàn hàn.

Ìyẹn ì bá ṣì mọ níwọ̀n, àmọ́ Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tún táì rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní aago àwọn dókítà nìyẹn, pé bó bá yí nígbà ọgọ́rùn-ún tí o ò dìde, wọ́n á gbé ọ lọ. Mo ní lọ síbo. Ó ní òfin ò sọ ibẹ̀. Ni ìyá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé àádọ́rùn-ún, ó ti ń fi gèlè nu ojú. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo sọ fún un pé ó ti fo ọgọ́ta, kó padà síbẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Kò fo nǹkan kan.

Ó tún ku mẹ́ta kó pé ọgọ́rùn-ún nígbà tí télọ̀ wọlé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí aṣọ aláṣọ, ó ní dátà ló tán. Ó ra òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́, o sì fò dìde, o so bẹ́líìtì rẹ, o tún tẹrí ba! Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ bá wa kẹ́dùn pé o ti fìdí rẹmi. Ta ló bi í? Ijó ni ìyá rẹ ń jó. Mo ní kó bá wa pàtẹ́wọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó fóòmù bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, àti ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ. Ìyá rẹ fẹ́ kí télọ̀ rán fóòmù sínú aṣọ ìjà rẹ. Mo sọ pé òfin lè má gbà á. Ó ní kí òfin wá bá òun.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti gbé ọ ṣánlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi kúrò níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.